Àgùdà ni wá: ọ̀rọ̀ lórí ẹlẹ́yàmẹ̀yà àti Ìjọ Kátólíìkì

Ọ̀rọ̀ tí mo bá ẹgbẹ́ àwọn Kátólíìkì ọmọ Yorùbá sọ ní Chicago nìyí, nínú oṣù kọkànlá, lẹ́yìn Míìsà. Mo tún un kọ fún àwọn tí kò ráyè wá.

Fádà, ẹ kú iṣẹ́ Olúwa. Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó jókòó lẹ́yìn lọ́hùn-ún, ẹ kú ìjókòó. Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lórí ohun tí Ìjọ wa ti ṣe, àti ohun tó yẹ kó ṣe tí kò ṣe, nípa ẹlẹ́yàmẹ̀yà. Láti 1990 ni àwọn Kátólíìkì adúláwọ̀ ní Amẹ́ríkà ti ya oṣù yìí sọ́tọ̀ láti máa fi rántí ìtàn wọn. Inú rẹ̀ ni àjọ̀dún Martin de Porres, ẹni mímọ́ adúláwọ̀ ará Peru, bọ́ sí, inú rẹ̀ náà ni ọjọ́ ìbí Augustine, bíṣọ́ọ̀bù ọmọ Áfíríkà. Mo ti kó ìwé àwọn bíṣọ́ọ̀bù jọ tí mo fẹ́ kà fún yín. Ṣùgbọ́n ohun kan wà lọ́kàn mi tí mo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jẹ́wọ́ kí n tó lè la ẹnu lórí ẹ̀ṣẹ̀ ẹlòmíràn.

Ìyá àgbàlagbà kan wà tó máa ń wá sí Míìsà Yorùbá wa. Ẹ mọ̀ ọ́n. Adúláwọ̀ Amẹ́ríkà ni, ó ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún, ìjókòó kẹta lápá ọ̀tún ló máa ń wà. Kò gbọ́ Yorùbá, àmọ́ tí a bá dé orí "Mímọ́, Mímọ́, Mímọ́," ohùn rẹ̀ a máa yọ láàárín tiwa. Ní ọjọ́ Àìkú kan, nígbà tí Míìsà parí, ó fà mí lápá lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ọ̀nà, níbi omi mímọ́. Ó ní òun gbọ́ ọ̀rọ̀ kan lẹ́yìn òun nígbà tí a ń kí ara wa ní kíkí àlàáfíà, kí n bá òun túmọ̀ rẹ̀. Ó pe ọ̀rọ̀ náà bó ṣe gbọ́ ọ: akátá.

Mo ní kò nítumọ̀. Mo ní orúkọ ènìyàn ni. Mo purọ́ nínú ilé Ọlọ́run, omi mímọ́ kò tíì gbẹ níwájú orí mi.

Kò sẹ́ni tí kò mọ ọ̀rọ̀ yẹn nínú gbọ̀ngàn yìí: orúkọ ẹ̀gàn tí a fi ń pe adúláwọ̀ Amẹ́ríkà ni. "Má bá àwọn akátá yẹn rìn." "Ṣé akátá lo fẹ́ fẹ́ ni?" Ojú àwọn ọmọ wa la ti ń sọ ọ́, àwọn náà sì ń gbé e lọ sílé ìwé. Nítorí náà, ẹ má retí pé òyìnbó nìkan ni mo máa bá wí lónìí.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ilé. Kí ni Yorùbá ń pe Ìjọ wa? Ìjọ Àgùdà. Ta wá ni Àgùdà? Àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Brazil àti Cuba ni, àti àwọn ọmọ wọn, tí wọ́n rí ọ̀nà ra ara wọn padà, tí wọ́n wọkọ̀ ojú omi padà sí Èkó, sí Àjàṣẹ́, sí Wídà, láàárín ọdún 1800 sí 1900. Àwọn ló gbé rósárì wọ Èkó. Kí Fádà Francesco Borghero tó ti ẹsẹ̀ bọ Èkó ní 1863, àwọn Àgùdà ti ń pé jọ gbàdúrà, ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Padre Antonio ló sì ń ṣáájú wọn. Ẹrú ni Padre Antonio tẹ́lẹ̀. Bíṣọ́ọ̀bù kankan kò fi jẹ àlùfáà. Síbẹ̀ òun ló kó àwọn onígbàgbọ́ jọ, òun ló ń ṣe ìrìbọmi fún ọmọ wọn, nígbà tí òyìnbó kò tíì rántí pé ẹnì kan wà níbẹ̀ tó ń pe orúkọ Màríà.

Holy Cross l'Èkó ni wọ́n ti ṣe ìrìbọmi fún mi. Àwọn Àgùdà wà lára àwọn tó fọwọ́ ara wọn kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì àkọ́kọ́ tó dúró síbẹ̀. Tó bá di Good Friday, ìyá ìyá mi a rán mi lọ sí Popo Àgùdà láti gba frejon lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀: ẹ̀wà tí wọ́n sè tó rọ̀ jọ̀ọ̀, tí wọ́n lọ̀, tí wọ́n wá fi omi àgbọn sè títí ó fi ki, tí wọ́n ń fi ẹja díndín jẹ. Mo máa ń gbé abọ́ náà mọ́ àyà, ooru rẹ̀ a máa jó mi, síbẹ̀ n óò máa fi ìka tọ́ ọ lá lọ́nà. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi nígbà náà pé oúnjẹ àwọn tó ti oko ẹrú bọ̀ ni mò ń lá. Ó yẹ kí wọ́n sọ fún mi.

Òwò tó kó àwọn kan lọ sí Bahia ní Brazil, òun náà ló kó àwọn mìíràn lọ sí Maryland àti Louisiana. Àwọn kan rí ọ̀nà padà wálé, a fi orúkọ wọn pe Ìjọ. Àwọn tí kò rí ọ̀nà padà, a ń pè wọ́n ní akátá.

Ọwọ́ Ìjọ wà nínú òwò yẹn, ẹ má jẹ́ ká fi bò. Ní 1452, Póòpù Nicholas Karùn-ún kọ ìwé fún ọba Portugal pé ó lè ṣẹ́gun àwọn tí kì í ṣe Kristẹni kó sì sọ wọ́n di ẹrú títí ayé. Ní 1455 ó tún kọ òmíràn tó fi ìdí ti àkọ́kọ́ múlẹ̀. Ìwé yìí ni àwọn ọlọ́kọ̀ ń tọ́ka sí. Ìgbà tí Róòmù wá sọ gbangba pé àwọn kò fara mọ́ ẹ̀kọ́ tí wọ́n kọ́ lórí irú ìwé bẹ́ẹ̀, oṣù kẹta 2023 ni. Àwọn tó wà níbí kò tíì gbàgbé oúnjẹ tí wọ́n jẹ lọ́dún yẹn.

Ẹnì kan sì wà tó ti gbé ẹjọ́ náà lọ sí Róòmù tipẹ́, adúláwọ̀ ni. Lourenço da Silva de Mendouça ni orúkọ rẹ̀. Ó ní ìdílé ọba Kóńgò àti Àńgólà lòun ti wá. Ó ń ṣojú àwọn ẹgbẹ́ Kátólíìkì adúláwọ̀, ó sì rìn títí dé ọ̀dọ̀ Póòpù Innocent Kọkànlá ní 1684. Ó kà á fún wọn bí wọ́n ṣe ń fi ìda àti ọ̀rá gbígbóná jó ènìyàn tó ti ṣe ìrìbọmi lára, bí wọ́n ṣe ń sọ ọmọ tí ìyá Kristẹni bí di ẹrú látinú oyún. Àwọn tó ń bójú tó ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́ ní Róòmù dá ẹjọ́ ní 1686: kò tọ́ kí a fi ipá tàbí ẹ̀tàn mú adúláwọ̀ tí kò ṣẹ ẹnikẹ́ni, kò tọ́ kí a rà á, kò tọ́ kí a tà á, ẹni tó ní irú ẹrú bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ dá a sílẹ̀, ẹni tó mú un gbọ́dọ̀ san ohun tó fi jẹ ẹ́ níyà.

1686! Kí ni ẹnì kan tún fẹ́ sọ lẹ́yìn ìyẹn? Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ parí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọwọ́ àwọn ọba Portugal àti Spain ni yíyan bíṣọ́ọ̀bù wà ní ilẹ̀ tí wọ́n gbà, bíṣọ́ọ̀bù tó sì ń jẹun lábẹ́ ọba kò ní ka irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ sí ọba létí. Ìwé náà wà nínú àpótí. Brazil kò fi òpin sí oko ẹrú títí di 1888, igba ọdún ó lé méjì lẹ́yìn ìdájọ́ yẹn. Inú igba ọdún náà ni wọ́n ti kó àwọn ará Ọ̀yọ́, àwọn ará Ẹ̀gbá, àwọn ará Kétu lọ.

Tí ẹnì kan bá sọ fún yín pé Ìjọ kò mọ̀ nígbà náà pé ìwà ibi ni, pé bí ayé ṣe rí nìyẹn, ẹ dárúkọ Lourenço fún un.

Ẹ jẹ́ ká wá sí ilẹ̀ Amẹ́ríkà tí a wà yìí. Àwọn Fádà Jesuit, ẹgbẹ́ àlùfáà kan nínú Ìjọ wa, ní oko ní Maryland, wọ́n sì ní ẹrú tó ń ro ó. Oko wọ̀nyí wà lára ohun tó gbé ilé ẹ̀kọ́ gíga Georgetown ró. Ní 1838, gbèsè so mọ́ ilé ẹ̀kọ́ náà lọ́rùn. Fádà Thomas Mulledy, ọ̀gá àwọn Jesuit ní agbègbè yẹn, ta ènìyàn 272 fún àwọn olóko ní Louisiana. Dọ́là 115,000 ni wọ́n dá lé wọn. Ẹ jẹ́ kí n ka bí ìwé àdéhùn náà ṣe bẹ̀rẹ̀: Isaac, ọkùnrin ẹni ọdún 65. Charles, àkọ́bí rẹ̀ ọkùnrin, ẹni 40 ọdún. Nelly, ọmọ rẹ̀ obìnrin, ẹni ọdún 38. Lẹ́yìn náà àwọn ọmọdé, orúkọ àti ọjọ́ orí, orúkọ àti ọjọ́ orí, títí ìwé fi kún. Bí a ṣe ń kọ orúkọ àwọn ọmọ tó fẹ́ gba Kòmúníọ̀n àkọ́kọ́ sínú ìwé ìjọ gẹ́lẹ́ ló rí. Kátólíìkì sì ni wọ́n. Ọwọ́ àwọn Fádà tó tà wọ́n ni wọ́n ti gba ìrìbọmi.

Ọ̀gá àgbà àwọn Jesuit ní Róòmù ti sọ ohun tí wọ́n gbọ́dọ̀ ṣe kí òun tó gbà pé kí wọ́n tà wọ́n: ẹ má ya ìdílé, ẹ jẹ́ kí wọ́n máa ráyè sin Ọlọ́run bíi Kátólíìkì, ẹ má fi owó náà san gbèsè. Wọ́n ya ìdílé. Wọ́n fi lára owó náà san gbèsè. Ọ̀pọ̀ wọn kò rí Fádà mọ́ ní Louisiana. Ohun tó sì ń yà mí lẹ́nu jù ni pé àtọmọdọ́mọ àwọn kan nínú wọn ṣì jẹ́ Kátólíìkì títí dòní. Ṣọ́ọ̀ṣì ta bàbá ńlá wọn, wọn ò fi ṣọ́ọ̀ṣì sílẹ̀. Mo ti ronú lórí rẹ̀ lóru, mi ò tíì rí irú ìgbàgbọ́ bẹ́ẹ̀ lọ́kàn ara mi.

Ọdún tó tẹ̀ lé e, nínú oṣù kejìlá 1839, Póòpù Gregory Kẹrìndínlógún kọ ìwé tó ká òwò ẹrú lọ́wọ́ kò. Kí ni wọ́n fi ìwé náà ṣe níbí? Bíṣọ́ọ̀bù John England ti Charleston jókòó, ó kọ lẹ́tà lórí lẹ́tà láti fi yé ọmọ ìjọba kan pé òwò orí omi ni Póòpù ń bá wí, kì í ṣe ẹrú tó ti wà nílé ẹni. Ọlọgbọ́n ni bíṣọ́ọ̀bù yẹn, ó sì ti dá ilé ìwé sílẹ̀ fún àwọn ọmọ adúláwọ̀ rí, tí àwọn ará ìlú fi ipá mú un tì í. Ó mọ ohun tó dára. Ẹ̀rù àwọn tó ń jókòó níwájú rẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú ló bà á.

Ọ̀rọ̀ Georgetown kò parí síbẹ̀, Ọlọ́run ṣeun. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pariwo, àwọn àtọmọdọ́mọ bẹ̀rẹ̀ sí í wá ara wọn rí. Nínú oṣù kẹrin 2017, olórí àwọn Jesuit ní Amẹ́ríkà dìde níwájú wọn, ó tọrọ àforíjì. Wọ́n yọ orúkọ Mulledy kúrò lára ilé tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, wọ́n sọ ọ́ ní Isaac Hawkins, Isaac tí orúkọ rẹ̀ ṣáájú nínú ìwé àdéhùn náà. Ní 2021, àwọn Jesuit ṣèlérí mílíọ̀nù 100 dọ́là fún àjọ kan tí àwọn àti àwọn àtọmọdọ́mọ jọ dá sílẹ̀. Àwọn kan ní owó náà kéré. Àwọn kan ní kí ni wọ́n tún ń hú òkú ọ̀rọ̀ sí. Èmi ò ka ara mi sí adájọ́ lórí iye owó. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ katikísì tí gbogbo wa kọ́ ní kékeré ló wà nínú rẹ̀: ẹni tó jí ewúrẹ́, tó lọ jẹ́wọ́ fún Fádà, tó ka "Ẹ kí Màríà" mẹ́ta, tí ewúrẹ́ ṣì so mọ́lẹ̀ lẹ́yìnkùlé rẹ̀, kò tíì ronú pìwà dà.

Èyí tí mo ti ń sọ bọ̀ jẹ́ ti àwọn àgbà Ìjọ. Tí ẹ bá bi mí pé ta ló kọ́kọ́ dáhùn sí ẹlẹ́yàmẹ̀yà bí Kátólíìkì ṣe yẹ kó dáhùn, àwọn tí wọ́n ṣe é sí ni n óò dárúkọ. Elizabeth Lange, adúláwọ̀ tó ti Cuba wá, kó ọmọ jọ sínú ilé rẹ̀ ní Baltimore, ó ń kọ́ wọn níwèé ní ìpínlẹ̀ tí oko ẹrú ṣì wà. Ní 1829, òun àti obìnrin mẹ́ta dá ẹgbẹ́ Sístà sílẹ̀, ẹgbẹ́ Sístà adúláwọ̀ àkọ́kọ́ ní Amẹ́ríkà. Wọ́n ń gba aṣọ fọ̀ kí ilé ìwé má bàa tì. Ilé ìwé náà wà dòní.

Augustus Tolton ló wà lọ́kàn mi jù, nítorí ìlú tí a wà yìí. Ọdún mélòó kan sẹ́yìn, mo wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Quincy, létí odò Mississippi. Mo dúró ní bèbè odò yẹn. Ó fẹ̀. Omi rẹ̀ pọ́n bí omi tí wọ́n fi ṣan ìkòkò amọ̀, igi odindi ń bá a lọ, ó ń yí, ó ń rì, ó ń yọ. Òdìkejì níbẹ̀ ni Missouri, níbi tí wọ́n bí Tolton sí oko ẹrú ní 1854. Ní 1862, nígbà ogun abẹ́lé, ìyá rẹ̀, Martha Jane, kó ọmọ mẹ́ta, ó sá. Augustus ò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Ọkọ̀ pákó kan ni wọ́n fi sọdá odò. Mo gbìyànjú láti fojú inú wo obìnrin náà: ọmọ kan lọ́wọ́, méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́, kò mọ̀ ọ́n wà, kò sì lè jẹ́ kí wọ́n sunkún sókè.

Kátólíìkì ni ìyá yìí. Nígbà tí wọ́n dé Quincy, ṣọ́ọ̀ṣì ló wá. Wọ́n fi ọmọ náà sílé ìwé Kátólíìkì kan, àwọn òbí òyìnbó yarí, ó kúrò níbẹ̀ láàárín oṣù díẹ̀. Fádà ará Ireland kan, Peter McGirr, gbà á sí ilé ìwé tirẹ̀, ó sì kọ̀ jálẹ̀ nígbà tí wọ́n tún yarí. Ọmọ náà ní òun fẹ́ di Fádà. Kò sí sẹ́mínárì kan ní gbogbo Amẹ́ríkà tó gbà á. Ní 1880, wọ́n rán an lọ sí Róòmù, èrò gbogbo ènìyàn sì ni pé tó bá jẹ oyè àlùfáà tán, Áfíríkà ni wọ́n máa rán an lọ. Wọ́n fi jẹ àlùfáà nínú oṣù kẹrin 1886. Kádínà Simeoni ní Róòmù ló yí i padà: ó ní wọ́n ń sọ pé orílẹ̀-èdè tó lajú jù láyé ni Amẹ́ríkà, a máa wò ó bóyá ó tọ́ sí i. Wọ́n rán an padà sí Quincy.

Òyìnbó àti adúláwọ̀ jọ ń wá sí Míìsà rẹ̀, nítorí ohùn rẹ̀ dùn, ìwàásù rẹ̀ sì ń wọra. Èyí ló bí Fádà ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan nínú, ló bá ní kó yé gba òyìnbó sí ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀. Ó kó wá sí Chicago ní 1889, ó sì dá ìjọ Mímọ́ Monica sílẹ̀ fún àwọn adúláwọ̀. Ó ń gun àtẹ̀gùn àwọn ilé tó ti ń wó lọ, ó ń gbé Kòmúníọ̀n lọ fún aláìsàn. Nínú oṣù keje 1897, ó sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin lọ́jọ́ tí oòrùn mú gan-an, ó ṣubú lójú pópó. Ẹni ọdún 43 ni. Ní 2019, Póòpù Francis kéde rẹ̀ ní Ẹni Ọ̀wọ̀, ìpele tó ṣáájú Alábùkún fún lójú ọ̀nà ẹni mímọ́.

Mélòó nínú wa ló ti gbàdúrà pé kí Tolton bá wa bẹ Ọlọ́run? Adúláwọ̀ Chicago ni. Nínú ahọ́n tiwa, akátá ni.

Ẹ jẹ́ kí n yára dé ayé òde òní. Ní 1955, ní Jesuit Bend, létí New Orleans, Fádà adúláwọ̀ kan lọ ka Míìsà, àwọn kan dúró sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ní kò ní wọlé. Bíṣọ́ọ̀bù àgbà Joseph Rummel dá Míìsà dúró ní ṣọ́ọ̀ṣì kékeré náà. Ọdún tó tẹ̀ lé e, ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé yíya ènìyàn sọ́tọ̀ nítorí àwọ̀ jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀. Mo bọ̀wọ̀ fún un. Ṣùgbọ́n 1962 ló tó ṣí ilẹ̀kùn ilé ìwé Kátólíìkì fún gbogbo àwọ̀, ilé ìwé ìjọba sì ti ṣí tirẹ̀ ní 1960. Nígbà tó ṣí i, Kátólíìkì mẹ́ta tó ń gbógun tì í, tí olóṣèlú alágbára Leander Perez wà nínú wọn, ló lé kúrò nínú ìdàpọ̀ Ìjọ. Ẹ rí i pé àwọn bíṣọ́ọ̀bù ní pàṣán lọ́wọ́ látìgbà yìí wá. Ìgbà tó wù wọ́n ni wọ́n ń mú un jáde.

Ní 1965, Sístà Mary Antona Ebo, adúláwọ̀, wọ ẹ̀wù Sístà rẹ̀ lọ sí Selma ní Alabama lẹ́yìn tí ọlọ́pàá ti na àwọn tó ń wọ́de fún ẹ̀tọ́ ìdìbò adúláwọ̀. Ó ní òun wá nítorí pé adúláwọ̀ lòun, Sístà lòun, Kátólíìkì lòun, òun sì fẹ́ jẹ́rìí. Ọdún 1965 yẹn náà ni wọ́n ṣe òfin ìwọ̀lú tuntun ní Amẹ́ríkà. Kó tó dìgbà náà, ọmọ Yúróòpù ni òfin ń fi ojú rere hàn sí. Ìlú Áfíríkà kan kò lè ní ju nǹkan bí ọgọ́rùn-ún àyè lọ lọ́dún. Ìjà ẹ̀tọ́ tí àwọn adúláwọ̀ jà, tí wọ́n fi ajá dẹ wọn, tí wọ́n fi omi pẹ̀lú agbára fọ́n wọn, òun ló tú ìdè òfin yẹn. Fíṣà tó wà nínú ìwé ìrìnnà yín, ẹ̀jẹ̀ wọn wà lára rẹ̀.

Èmi náà dé ìlú yìí nígbà òtútù. Ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́, mo wọ ṣọ́ọ̀ṣì kan tó sún mọ́ ibi tí mo wọ̀ sí. Nígbà kíkí àlàáfíà, ọkùnrin tó wà níwájú mi yíjú, ó rí mi, ó ká apá gbera. Mo dúró pẹ̀lú ọwọ́ mi nínà. Obìnrin adúláwọ̀ kan tó wà ní ìjókòó òdìkejì fi ibi tó wà sílẹ̀, ó kọjá àárín ṣọ́ọ̀ṣì, ó wá gba ọwọ́ náà mú, ó fi ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì bò ó. Ilé rẹ̀ ni mo ti jẹun lọ́jọ́ yẹn. Ó fún mi ní kóòtù ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, mo wọ̀ ọ́ fún ọdún mẹ́rin.

Ẹ̀yin kan máa sọ pé àwọn náà kì í fẹ́ràn wa, pé wọ́n bú àwọn ọmọ wa nílé ìwé, pé wọ́n ní a ti orí igi wá. Òótọ́ ni, ó ṣẹlẹ̀ sí ọmọ tèmi náà, ó sunkún dé. Ẹni tí wọ́n ti fi Áfíríkà bú láti kékeré, tí wọ́n sọ fún pé ibi ìtìjú ló ti wá, tí ó wá fi ìtìjú náà lu ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibẹ̀ dé, a mọ ibi tó ti kọ́ ọ. Ẹ wo ìdílé Póòpù wa, Leo Kẹrìnlá, ọmọ agbègbè Chicago níbí. Àwọn òbí ìyá rẹ̀ ti New Orleans wá. Nínú ìwé ìkànìyàn ìjọba ní 1900, wọ́n kọ wọ́n sí adúláwọ̀. Nígbà tí wọ́n dé Chicago, funfun ni ìwé kọ. Kí ni ẹrù tó lè wúwo tó bẹ́ẹ̀ lórí ènìyàn tí àwọ̀ rẹ̀ fi máa sọ nù lójú ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin? Ẹrù yẹn ni wọ́n ń rù lójoojúmọ́, àwa dé lánàá, a sì fẹ́ fi ọ̀rọ̀ kan kún un.

Sístà Thea Bowman, ọmọ Mississippi, jókòó lórí kẹ̀kẹ́ aláìsàn níwájú àwọn bíṣọ́ọ̀bù Amẹ́ríkà nínú oṣù kẹfà 1989. Jẹjẹrẹ ti jẹ ẹ́ dé egungun. Ó kọrin kó tó sọ̀rọ̀, orin àwọn ẹrú, orin ọmọ tí kò ní ìyá. Lẹ́yìn náà ó sọ fún wọn pé òun gbé ara òun wá sí Ìjọ, ara òun tó dúdú, gbogbo ohun tí òun jẹ́, gbogbo ohun tí òun ní, gbogbo ohun tí òun ń retí láti dà. Nígbà tó parí, ó ní kí àwọn bíṣọ́ọ̀bù dìde, kí wọ́n fi apá kọ́ apá, kí wọ́n di ọwọ́ ara wọn mú, kí wọ́n sì kọrin. Wọ́n dìde. Àwọn kan ń sunkún. Ó kú lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ẹni ọdún 52.

Àwọn bíṣọ́ọ̀bù ti kọ ìwé ní 1958, wọ́n kọ ní 1979 pé ẹ̀ṣẹ̀ ni ẹlẹ́yàmẹ̀yà, wọ́n tún kọ ní 2018. Mo ní kí ẹ lọ kà wọ́n, wọ́n dára. Ṣùgbọ́n mi ò lè kà wọ́n fún yín lónìí láìtíì san gbèsè tèmi.

Ní ọjọ́bọ̀ tó kọjá, mo lọ sílé ìyá àgbà tí mo sọ nínú ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Mo sọ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ náà fún un. Mo ní mo purọ́ fún un, mo tọrọ àforíjì. Ó dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́. Ó mú fọ́tò kan kúrò lára ògiri, ó gbé e lé mi lẹ́sẹ̀: ìyá ìyá rẹ̀ nìyẹn, nínú aṣọ funfun, níwájú ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì kan ní Louisiana. Ó ní ìjókòó méjì tó kẹ́yìn ni tàwọn adúláwọ̀ níbẹ̀, òyìnbó gbọ́dọ̀ gba Kòmúníọ̀n tán kí wọ́n tó dìde. Ó ní ìyá yìí kì í pa Míìsà jẹ.

Mo bẹ̀ ẹ́ kó wá sọ ìtàn náà fún wa fúnra rẹ̀. Ó gbà. Ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀ ni, nínú gbọ̀ngàn yìí, lẹ́yìn Míìsà aago mọ́kànlá. Àwọn ọmọ ìjọ adúláwọ̀ tó wà ní òpópónà kejì náà máa bá a wá. Ìyá Ìjọ ti ní àwọn máa se oúnjẹ, èmi fúnra mi máa se frejon bó tilẹ̀ jẹ́ pé Good Friday kọ́. Ẹ kó àwọn ọmọ wá. Ẹ fún akọ̀wé lórúkọ kí ẹ tó lọ, ká lè mọ iye àga tí a máa tò.